Ẹ béèrè àtẹ̀gùn kí ẹ tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì ilé àtijọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú òbí yín lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí wọ́n fi ilé àtijọ́ ṣe yẹn, ẹ tètè gbọ́ tèmi. Inú ṣì ń bí mi, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ.

Màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, ó sì bọ́ sí àsìkò tí wọ́n máa pé 70 ọdún. Èmi àtàwọn àbúrò mi dáwó jọ, a ní kí wọ́n sun òtẹ́ẹ̀lì gidi. Ọ́fíìsì ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀, láti ayé Ọbabìnrin Fikitóríà: mábù nílẹ̀, òpó ràgàjì-ràgàjì, iná tó ń tàn yanran. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Kí n tó sanwó, mo pè wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò béèrè o! Mo ní ṣé lífíìtì wà, wọ́n ní ó wà. Wọn ò sì parọ́. Lífíìtì gbé wa dé àjà kẹta, ọmọkùnrin tó gbé báàgì wa ṣí ilẹ̀kùn kan, ló bá ku àtẹ̀gùn òkúta, tóóró, tó ń yí lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní ìdìmú. Òkè ibẹ̀ ni yàrá wa wà.

Orúnkún ń dun màmá mi. Wọ́n gun mẹ́rin, wọ́n jókòó sórí ìkarùn-ún, pẹ̀lú aṣọ òkè àti gèlè tí wọ́n ti wé láti ilé. Tọkọtaya oyìnbó kan ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní "sọ́rì", wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ kọjá. Màmá mi ká ẹsẹ̀ jọ, wọ́n fi ọwọ́ kó ìró wọn mọ́ra kí ọ̀nà lè gba tọkọtaya náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní "ẹ máa lọ, ẹ máa lọ, ẹ má bínú." Ẹ má bínú! Níbi tí àwa ọmọ wọn ti san owó gọbọi. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Mo sáré padà sísàlẹ̀, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà sọ pé ilé àtijọ́ ni, òfin ò gbà wọ́n láyè láti yí i padà, gbogbo yàrá sì ti kún dọ̀la.

Ti balùwẹ̀ tún wá ńkọ́? Ọpọ́n ìwẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, etí rẹ̀ ga dé itan mi, kò sí ṣáwà. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló fẹ́ gun èyí? Lọ bá mi wá bọ́kẹ́ẹ̀tì." Òtẹ́ẹ̀lì ò ní bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n fi ń kó yìnyín sí ìdí ìgò wáìnì ló wà lórí tábìlì, ó ń dán gbinrin. Òun ni màmá mi pomi sí, wọ́n fi ife tíì bù ú wẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n pààrọ̀ yàrá fún wa sí ìsàlẹ̀. A jẹun, a ya fọ́tò, ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ nìyí: ẹ má bi wọ́n pé ṣé lífíìtì wà. Ẹ bi wọ́n pé láti ojú títì títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, àtẹ̀gùn mélòó ni ìyá mi máa gùn? Kí wọ́n kà á. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá, torí yàrá méjì tí owó wọn dọ́gba nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè má jọra rárá.

Òfin tí ọmọbìnrin yẹn ń sọ kì í ṣe àròsọ. Òfin ọdún 1990 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti yí ilé tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ bí ilé ìtàn padà láìgbàṣẹ. Àmọ́ òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 náà wà, tó ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá bọ́gbọ́n mu fún aláàbọ̀ ara. Èwo nínú méjèèjì ló ní kí wọ́n má sọ fún mi lórí fóònù pé àtẹ̀gùn wà?

Ilé àtijọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń ṣe báyìí. Òtẹ́ẹ̀lì ibùdókọ̀ ojú irin St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí George Gilbert Scott yàwòrán rẹ̀, 1873 ni wọ́n ṣí i, wọ́n tì í ní 1935. Àwọn yàrá rẹ̀ ò ní balùwẹ̀ tiwọn, ilẹ̀ àjà tí wọ́n kọ́ kí iná má baà ràn sì nípọn débi pé iṣẹ́ ńlá ni láti gba páìpù kọjá nínú rẹ̀. Ó di 2011 kó tó tún di òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì kọ́ apá tuntun mọ́ ọn. Ẹ bi wọ́n nígbà náà: apá àtijọ́ ni yàrá mi wà àbí apá tuntun? Bí wọ́n bá ní àtijọ́, ẹ tún béèrè àtẹ̀gùn.

Ẹ béèrè ṣáwà tí èèyàn máa rìn wọ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè. (Àtẹ̀gùn náà nìyẹn.) Ẹ béèrè bóyá gíláàsì méjì ló wà ní fèrèsé, torí gíláàsì ẹyọ kan kì í dá ariwo bọ́ọ̀sì dúró.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní kí ló gbé wa débẹ̀ nígbà tá a nílé. Ìyá wa ni, owó wa ni.

Ti owó ìdúró, ìyẹn owó tí òtẹ́ẹ̀lì máa ń dè mọ́ káàdì yín títí ẹ ó fi kúrò, ẹ fi káàdì krẹ́díìtì ṣe é. Dẹ́bíìtì àbúrò mi ni wọ́n gbà, owó oṣù rẹ̀ gan-an ni wọ́n dè mọ́lẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn ti tú u sílẹ̀, báńkì ní àwọn ò tíì rí nǹkan kan. Àbúrò mi tún pè wọ́n láàárọ̀ yìí.