Bí ẹ bá ń lọ sí Kuttanad, ọkọ̀ aráàlú ni kí ẹ wọ̀

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa Kuttanad, agbègbè omi kan ní ìpínlẹ̀ Kerala, ní gúúsù Íńdíà, kò ju ọ̀kan lọ: ẹ fi ọkọ̀ ojú omi onílé olówó gọbọi, tí àwọn àlejò máa ń sùn sí, sílẹ̀. Ó lẹ́wà o, okùn èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń so pákó rẹ̀ pọ̀ láìsí ìṣó. Ṣùgbọ́n ó tóbi ju àwọn ojú omi tóóró lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dúró bí aago 5:30 ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lù, kí àwọn apẹja lè ráyè na àwọ̀n. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba tó ń ti ìlú Alappuzha lọ sí ìlú Kottayam ni kí ẹ wọ̀. Èbúté rẹ̀ wà nítòsí gáréèjì bọ́ọ̀sì, owó rẹ̀ kò tó 100 rúpì, ìrìn rẹ̀ sì ń gba nǹkan bíi wákàtí 2 àbọ̀. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání.

Oko gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ní àkùrọ̀ tiwa létí odò Ọ̀nà n'Ìbàdàn, omi ló wà nísàlẹ̀ oko. Ní Kuttanad, oko ìrẹsì ló wà nísàlẹ̀ omi. Ó fi bíi mítà 1 sí 3 rẹlẹ̀ ju òkun lọ, ọkọ̀ yín á sì máa ga ju orí àgbẹ̀ lọ. Bèbè amọ̀ ni wọ́n mọ yí i ká. Bí òjò bá ti ń lọ sópin, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi oko dà sódò, wọ́n á fọ́n irúgbìn ní Oṣù Kọkànlá sí Kejìlá, wọ́n á sì kórè ní Oṣù Kẹta sí Kẹrin. Bí bèbè bá já, oko lọ nìyẹn. Omíyalé Oṣù Kẹjọ ọdún 2018 bo gbogbo ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ má lọ láàárín Oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án. Oṣù Kìíní sí Kejì ló dára jù, ìrẹsì á ti tutù yọ̀yọ̀.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń ti ìdènà omi tí wọ́n ń pè ní Thanneermukkom kí omi iyọ̀ òkun má baà pa ìrẹsì. Iyọ̀ yẹn kan náà ló ń pa koríko orí omi, bí wọ́n bá sì ti dí i, koríko á gbilẹ̀, á máa lọ́ mọ́ abẹ ẹ̀rọ ọkọ̀. Torí pé ìyẹn lè mú kí ọkọ̀ pẹ́ dé, ẹ má ṣe fi ìrìn ọkọ̀ ojú omi àti ti bàálù sí ọjọ́ kan náà.

Ní tẹ́ńpìlì Krishna, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Hindu, tó wà ní Ambalappuzha, bàtà ò gbọdọ̀ wọlé, ọkùnrin á sì bọ́ ẹ̀wù. Ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì Kerala kì í gba ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Hindu wọ inú lọ́hùn-ún, torí náà ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má jiyàn. Ère Buddha olókùúta dúdú tó wà ní Karumadi, tí apá kan rẹ̀ ti já, kò ní èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti Champakulam wà létí odò Pamba.

Kí ẹ tó kúrò n'Ìbàdàn, ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa wọ Íńdíà, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé láìní in, wọ́n lè sé e mọ́lé títí di ọjọ́ 6.