Ta Ló Fún Yín Ní Nọ́ńbà Mi?

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀, nílé ìwòsàn ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè mí ní Àǹtí Registry. Àwọn aláìsàn tí mò ń kọ orúkọ wọn kò mọ̀ pé mo wà láyé.

Kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Láàárọ̀, màá kó fóọ̀mù àti báírò dání, ó di lábù tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò. Màá ṣí ìwé ńlá wọn, màá máa fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ títí màá fi kan ẹni tí èsì rẹ̀ jáde pé jẹjẹrẹ ni. Láti ibẹ̀ ó di wọ́ọ̀dù, ó di yàrá fáìlì tí eruku rẹ̀ kì í tán nímú ẹni. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ibi tí jẹjẹrẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ lára, irú èyí tó jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n rí i. Tí mo bá padà sí ọ́fíìsì, màá tẹ gbogbo rẹ̀ sínú CanReg, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, tó wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó ń bi aláìsàn léèrè kí n tó kọ ọ́.

Àwọn èèyàn máa ń ní, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ẹ ò ṣe ka iye wọn lásán? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Ìyá kan lè lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn aládàáni, kí wọ́n kọ ọ́ ní Fọláṣadé. Wọ́ọ̀dù wa á kọ ọ́ ní Ṣadé, wọ́n á fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tì í. Ibi tó ti lọ gba ìtọ́jú onítànṣán, Ìyá Síkírù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Láìsí orúkọ àti àdírẹ́sì, ẹnì kan ti di mẹ́ta nìyẹn. Kọ̀ǹpútà máa ń gbé àkọsílẹ̀ méjì tó bá jọra síwájú wa, pé ṣé ẹnì kan náà ni, àwa la ó wá dáhùn. Tí a bá sì ní kí gbogbo aláìsàn kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé, àwọn tí àìsàn wọn le jù, tí wọ́n máa ń kú kí ìwé tó dé ọwọ́ wọn, ni a ò ní rí kà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kó irú àkọsílẹ̀ yìí jọ n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ ohun tí ayé mọ̀ nípa jẹjẹrẹ lára àwa èèyàn dúdú, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Nítorí náà, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú pé mo kọ orúkọ òun. Ọ̀rọ̀ fóònù ló ń dùn mí.

Dókítà kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin tí wọ́n gé ọmú wọn ṣe ń gbé ayé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò nílé ìwòsàn wa ti fún un níwèé. Ọ̀gá mi ní kí n bá a pe àwọn èèyàn, nítorí pé ohùn mi tutù. Ẹni kọkànlá tí mo pè, ọkùnrin ló gbé e. Mo ní, "Ẹ káàsán sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀." Ó ní ta ni. Mo dá a lóhùn bí mo ṣe dá àwọn mẹ́wàá tó ṣáájú lóhùn: mo dárúkọ ilé ìwòsàn, mo ní láti ọ́fíìsì tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ni.

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ló ní, "Jẹjẹrẹ kẹ̀?"

Kókó lásán ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé wọ́n yọ.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá náà wá. Kò pariwo. Ó fi ìborùn bo àyà rẹ̀ lápá òsì, ó jókòó sórí àga onírọ́bà tó wà níwájú tábìlì mi, ó pè mí ní ọmọ òun, ó wá ní, "Ta ló fún yín ní nọ́ńbà mi?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé káàdì àti fáìlì. Ó ní òun ò bi mí ní káàdì. Ó ní dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún òun ni òun fún ní nọ́ńbà, kó lè pe òun tí èsì bá jáde. Ó ní kí n fi ibi tí mo kọ òun sí han òun.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe kejì, tó burú ju àkọ́kọ́ lọ, àánú rẹ̀ ló sì tì mí ṣe é. Mo yí kọ̀ǹpútà sí i. Mo ń fi ìka tọ́ ìlà tirẹ̀ hàn án nígbà tí òun gbé ìka lé ìlà kan lókè. "Ìyá yìí náà? A jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin." Mo sáré pa ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tó rí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ lè pa tèmi rẹ́?" Mi ò mọ èsì tí màá fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wá bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo tó lọ ka òfin, ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́dún àkọ́kọ́. Òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn, títí kan pé ó tilẹ̀ wá sílé ìwòsàn. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: pé ó wá, àṣírí ni. Òfin kan náà ní tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi fáìlì aláìsàn ṣe ìwádìí, àfi kí aláìsàn gbà, kí olórí ilé ìwòsàn gbà, kí ìgbìmọ̀ náà sì gbà, àyàfi tí ìwádìí náà ò bá ní í fi ẹni tó ni fáìlì hàn rárá. Nígbà tí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni jáde lọ́dún 2023, òun náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Àwa ní ìwé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé yẹn pé báwo la ṣe máa kí èèyàn lórí fóònù, tàbí kí la ó sọ tí ọkọ bá gbé e.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àǹtí mi tó wà ní London, tí òun náà ní jẹjẹrẹ ọmú. Ó ní wọ́n ń kọ orúkọ lọ́dọ̀ tàwọn náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn, òfin fún wọn láyè. Àmọ́ ó ti kà á nínú ìwé pélébé tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn, ó sì wà níbẹ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ òun kúrò. Nígbà tí lẹ́tà dé ní nǹkan bí oṣù méjìdínlógún lẹ́yìn náà, tí wọ́n fẹ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe sí, ó bínú díẹ̀, àmọ́ kò yà á lẹ́nu. Ó ti mọ ibi tí wọ́n ti rí òun.

Mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà bíi tiwọn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dá mi dúró. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mélòó nínú wọn ló mọ ohun tó ń ṣe wọ́n?" Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, dókítà á pe àkọ́bí ọkùnrin sí kọ̀rọ̀, á sọ fún un, wọ́n á wá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Màmá kí àyà rẹ̀ má bàa já. Tí lẹ́tà tèmi bá wá dé, pé orúkọ yín wà nínú ìwé jẹjẹrẹ, èmi ni mo wá sọ fún Màmá nìyẹn, lórí bébà, láìsí ẹni tó máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò fara mọ́ àṣà kọ̀rọ̀ yẹn, kí n má parọ́. Ẹni tó ni ara ló ni ọ̀rọ̀ ara. Ṣùgbọ́n kì í ṣe akọ̀wé ló yẹ kó tú u. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ àìsàn, kó tó wá fi kún un pé a máa ń kọ orúkọ sílẹ̀, pé olùwádìí lè wá ọ wá lọ́jọ́ kan, ṣé o fẹ́ àbí o ò fẹ́, ọ̀nà wo lo fẹ́ ká gbà bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìpè àkọ́kọ́, orúkọ ara yín nìkan ni kẹ́ ẹ dá. Tí kì í bá ṣe ẹni tí ẹ ń wá ló gbé e, ẹ ní ẹ máa tún pè, kó parí síbẹ̀. Ẹ má fi fóònù ya fóọ̀mù sórí WhatsApp nítorí pé kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá ti yọ orúkọ, ó bùṣe. Mo ti rí tábìlì ìṣirò kan rí tí wọ́n gbé jáde níbi ìpàdé: ìlú kékeré kan, jẹjẹrẹ ọmú, ọkùnrin, ẹyọ kan. Ẹni tó jókòó tì mí ọmọ ìlú náà ni. Kò tíì ka ìlà yẹn tán tó fi ní, "Háà, Bàbá Tíṣà."

Ẹ̀yin aláìsàn ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá ń gba káàdì, fóònù tó jẹ́ tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe tọkọ, kì í ṣe ti àbúrò. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ̀yin nìkan ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá pè yín fún ìwádìí, ẹ bi í pé níbo ló ti rí orúkọ yín, ta ló fún un láṣẹ. Ẹ lè ní ẹ ò ṣe. Kò gbọdọ̀ kan ìtọ́jú yín.

Ìyá yẹn ò padà sí kíliníìkì wa mọ́. Ó ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà, fóọ̀mù dé láti ilé ìwòsàn mìíràn. Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe, kọ̀ǹpútà sì gbé méjì síwájú mi. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló lò, àdírẹ́sì ti yàtọ̀, àyè nọ́ńbà fóònù sì ṣófo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí bá ara mu, ọmú òsì bá ara mu, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá ara mu. Ṣé ẹnì kan náà ni?

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá lọ sórí àkọsílẹ̀ àtijọ́, mo pa nọ́ńbà fóònù rẹ̀ rẹ́.