Táwẹ̀lì Lábẹ́ Abíyá

Òṣogbo, Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Òjò àná ò jẹ́ kí n tètè jáde. Nígbà tí mo ń gba oríta Ọláìyá kọjá, ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, àwọn ọlọ́kadà tó ti dé ò sì tíì pé márùn-ún. Koríko pápá gọ́ọ̀fù tutù débi pé bàtà mi ti rin gbingbin kí n tó gbá bọ́ọ̀lù kan. Mo gbé ògbólógbòó táyà kẹ̀kẹ́ mi kalẹ̀ pé ibẹ̀ ni màá máa gbá bọ́ọ̀lù sí, mo ka ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá kúrò níbẹ̀, mo da bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ká gbá a lọ jìnnà ni, mo lè ṣe é. Àmọ́ tó bá ti ku ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan sí ihò, ọwọ́ mi kì í gbọ́ tèmi mọ́. Ọ̀kan á kú síwájú mi níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á fò kọjá wọ igbó lọ. Mílímítà 108 sì ni ẹnu ihò gọ́ọ̀fù, ibi yòówù ká ti gbá a láyé. Kò sẹ́ni tó máa bá mi fẹ̀ ẹ́.

Bàbá tó ń kọ́ mi ti ṣe kádì fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti bá àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ru àpò ọ̀pá káàkiri. Wọ́n wo mi gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin, wọn ò fọhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ní:

"Ọmọ Àyàn, ọrùn ọwọ́ lo fi ń gbá a. Ìlù lò ń lù."

Òótọ́ ni. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, kọ̀ǹgọ́ ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ ìwé kà, ọrùn ọwọ́ ló sì ń mú kọ̀ǹgọ́ sọ̀rọ̀. Lórí pápá, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bà jẹ́. Mo máa ń fẹ́ ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kó lè gbéra, ni mo bá ṣẹ́ ọwọ́ sókè. Bí mo bá ti ṣẹ́ ẹ, etí irin orí ọ̀pá mi á bá bọ́ọ̀lù láàárín, á sì sáré mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé. Bẹ́ẹ̀ wẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá olórí irin tí mo fi ń gbá a, ò bẹ̀ mí níṣẹ́ kankan. Ojú rẹ̀ ti dagun sẹ́yìn láti ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́, ìwọ̀n dígírì 56 ni tèmi. Ìdagun yẹn ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè.

Bàbá ní kí n ká táwẹ̀lì kékeré, kí n fi há abíyá òsì, kí n má ṣe jẹ́ kó já bọ́ títí mo fi máa gbá a tán. Bí mo ṣe fún un mọ́ ìhà báyìí, ara mi mọ ibẹ̀. Ibi tí gángan máa ń wà nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé báyìí ni kí n ṣe fún ọsán gángan tó. Bàbá mi á kàn ní kí n tún un lù, kí n tún un lù, títí etí wọn fi máa gbà á. Fún un díẹ̀, dò. Fún un sí i, re. Fún un dáadáa, mí. Apá òsì ló mọ̀ ọ́n.

Ni mo bá sọ ọwọ́ gbígbé sẹ́yìn náà di mẹ́ta: dé orúnkún, dé ìbàdí, dé àyà. N kì í fi agbára kún un, ìwọ̀n kan náà ni mo fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà gbogbo. Lórí koríko tútù yẹn, ìṣísẹ̀ méje, mẹ́tàlá, ogún ni wọ́n bá mi dé. (Tó bá di ìgbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ le, á yí jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá sì tún un wọ̀n.)

Lẹ́yìn náà ni Bàbá wá ní kí n má wojú táyà mọ́. Ibi tí mo fẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sí ni kí n wò, kí n gbá a, kí n dorí kodò, kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dúró sí kí n tó gbójú sókè. "Ó kù." Ó ti kọjá. "Ó kọjá." Ó kù. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mẹ́ta péré ni mo mọ̀. Nínú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, mo mọ méje. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo ti mọ̀ látìgbà tó ti kúrò lójú irin: ó rọ̀ lọ́wọ́, mo gbọ́ "pọ̀" lórí koríko, gbogbo nǹkan sì dákẹ́. Mo ní, "Inú táyà ló wà, sà." Bàbá rìn lọ síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú un, wọ́n sọ ọ́ padà sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

"Tún un gbá."

Abíyá ń ro mí di ìsinsìnyí. Mo gbé gángan bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, mo fi há apá òsì, mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi béèrè láti inú yàrá pé kí ni mò ń fi ìlù sọ lóru. Mo ní ìṣísẹ̀ méje, mẹ́tàlá, ogún ni.