Yìnyín ara bàálù: ẹ má kàn gba nọ́ńbà gbọ́

Ẹ ti rí irú fídíò yẹn rí, àbí? Wọ́n á da omi sórí irin tí wọ́n fi ọ̀dà kan kùn, omi á yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní yìnyín ò ní lè lẹ̀ mọ́ bàálù mọ́ láéláé. Ẹ jọ̀ọ́ jàre. Tí omi bá ti ráyè wọ àwọn ihò kéékèèké ara ọ̀dà yẹn kó tó dì, ńṣe ló máa dì í mú ṣinṣin.

Bí wọ́n ṣe ń wọn bí yìnyín ṣe lẹ̀ mọ́ nǹkan tó gan-an ló dùn mọ́ mi. Ní yunifásítì kan ní Chicoutimi, ní Quebec lọ́hùn-ún ní Kánádà, láàbù kan wà tí wọ́n ń pè ní AMIL, wọ́n á mú ọ̀pá alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, wọ́n á jẹ́ kí yìnyín dì sí ẹnu rẹ̀ lápá kan, wọ́n á wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó tutù nini, ẹ̀rọ á máa fi í yí bírí, eré á máa pọ̀ sí i títí yìnyín á fi já tá á sì fò lọ lu ògiri, gbàà! Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri yẹn tó máa mọ̀ ọ́n lára, wọ́n á wo eré tó ń sá nígbà yẹn. Bí yìnyín ṣe wúwo tó, bó ṣe jìnnà sí àárín tó, bí ojú ibi tó lẹ̀ mọ́ ṣe fẹ̀ tó, ìṣirò ló kù.

kPa (kílópásíkà, ìyẹn bí agbára tó já yìnyín ṣe pọ̀ tó lórí ojú ibi tó lẹ̀ mọ́) ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà yẹn. Alumíníọ̀mù lásán sábà máa ń tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Tó bá wálẹ̀ sábẹ́ 100, ọ̀dà yẹn ń gbìyànjú nìyẹn. Abẹ́ 20 ni atẹ́gùn ti lè gbọ̀n ọ́n dànù fúnra ẹ̀.

Ṣùgbọ́n yìnyín wo? Èyí tó rọra dì nínú fíríìsà ò jọ ti ojú sánmà, torí lókè yẹn omi inú ìkùukùu lè tutù ju 0°C lọ síbẹ̀ kó má dì, àfi ìgbà tí bàálù bá lọ kọlù ú. Ìdí nìyẹn tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fi ń fọ́n omi kíńkíńkín sínú atẹ́gùn tútù ní Cleveland, nínú ihò ńlá kan tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú ẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ láti 1944.

Ẹ tún wo ojú ibi tó ti já o. Ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ fi ṣíbí ha á, òkè ṣí, ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí yìnyín bá já báyẹn, ara ẹ̀ ló ṣẹ́, a kàn mọ̀ pé bó ṣe lẹ̀ mọ́ irin tó ju nọ́ńbà yẹn lọ ni.

Ẹni tó bá ń ta ọ̀dà fún yín, ẹ bi í: ìgbà mélòó lẹ ti já yìnyín kúrò lórí ẹyọ irin kan náà tí ẹ kùn, kí ló sì dà lẹ́yìn tí òjò àti iyanrìn ti lù ú?