Ìyà Tí Ó Jẹ Mí Kọ́ Ni Wọ́n Fẹ́ Kà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Sikọ́láṣíìpù Sáyẹ́ǹsì fún Obìnrin

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé béèrè fún sikọ́láṣíìpù láti lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, odindi ojú ìwé méjì ni mo fi sọ ìtàn ìyà tí ó jẹ mí. Mo sọ bí bàbá mi ṣe kú nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bí ìyá mi ṣe fi òwò kékeré rán èmi àti àwọn àbúrò mi níwèé, àti bí mo ṣe jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta kí n tó rí owó tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún oyè másítà. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin péré ni mo fi sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí tí mo fẹ́ ṣe, ohun tí mo sì kọ síbẹ̀ ni pé mo fẹ́ wá ojútùú sí ìṣòro omi mímu ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n dá mi lóhùn pé wọn kò mú mi.

Mo gbé ìwé náà lọ fún olùkọ́ mi àgbà kan, obìnrin tí ó ti jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní: "Ọmọ mi, gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé sí wọn ni ìyà ti jẹ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya owó náà sọ́tọ̀. Kí gan-an lo fẹ́ bi omi yẹn?" N kò rí èsì fọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ti sunkún débi pé n kò ríran mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti yé mi pé owó yìí kì í ṣe sàráà. UNESCO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ẹ̀kọ́ àti sáyẹ́ǹsì, ti ṣírò rẹ̀ pé nínú àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta lágbàáyé, bí ẹnì kan ṣoṣo ni ó jẹ́ obìnrin, ìdí sì nìyẹn tí àwọn àjọ kan fi ń náwó lórí àwọn obìnrin tí ó wá láti orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu. Ẹni tí yóò parí iṣẹ́ ìwádìí kan láàárín ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ rí i nínú ìwé rẹ pé o mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí.

Oṣù méjì ni ó gbà mí kí n tó rí ìbéèrè tèmi. Mo padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ omi ti kọ́kọ́ kàn mí, èyíinì ni eyín èmi àti ti àwọn àbúrò mi, tí ó ti ní àbàwọ́n láti kékeré. Fúlọ́ráìdì, èròjà kan tí ó máa ń wà nínú omi kànga, ni ó máa ń ba eyín jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí eyín bá ṣì ń dàgbà lábẹ́ èrìgì, bí ènìyàn bá sì mu ún ní àmujù fún ọdún pípẹ́, a máa dé inú egungun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ṣe ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà omi kan. Pé èédú tí a fi egungun ẹran ṣe lè fà á kúrò nínú omi, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn tuntun. Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni iye ìgbà tí a lè fi omi sódà, irú èyí tí a fi ń ṣe ọṣẹ, fọ èédú náà kí a sì tún un lò, kí agbára rẹ̀ tó tán. Ẹ wò ó bí ó ti kéré tó! Síbẹ̀, ìbéèrè kékeré yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí ojútùú sí ìṣòro omi gbogbo ayé kò lè ṣí fún mi.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ jù lọ ni ọ̀rọ̀ olùdarí ìwádìí, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Púpọ̀ nínú wa ni ó rò pé ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù bá jáde ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù gan-an ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn. Ẹ wo àjọ OWSD (Organization for Women in Science for the Developing World), àjọ àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, tí ó fi ìlú Trieste ní Ítálì ṣe ibùjókòó. Wọ́n máa ń fún àwọn obìnrin láti orílẹ̀-èdè tí sáyẹ́ǹsì ti fà sẹ́yìn ní owó láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní orílẹ̀-èdè mìíràn tí òun náà ń gòkè àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní lẹ́tà láti ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á lálejò kò tíì ṣetán láti bá wọn sọ̀rọ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í tẹ ènìyàn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rìnlá ni mo kọ ímeèlì sí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó dá mi lóhùn, mi ò sì bínú sí wọn lónìí, nítorí pé ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Kí n tó kọ̀wé sí àwọn mẹ́fà tí ó kù, mo ka iṣẹ́ méjì-méjì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti tẹ̀ jáde, mo sì béèrè ohun kan pàtó nípa àbájáde wọn kí n tó sọ ìwádìí tèmi ní gbólóhùn mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta ni ó fèsì. Ọ̀kan ní àyè kò sí, èkejì ní kí n padà wá ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ̀kẹta ní kí n fi àbá ìwádìí mi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ó fèsì di ọjọ́ tí lẹ́tà yunifásítì rẹ̀ dé ọwọ́ mi, oṣù mẹ́rin gbáko ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbèrò àtikọ̀wé béèrè ní ọdún tí ń bọ̀, ọdún yìí ni kí ẹ ti wá olùdarí yín.

Ẹ tún ka ìlànà ẹni tí owó wà fún kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò lórí owó kan tí orúkọ orílẹ̀-èdè mi kò sí nínú àwọn tí ó tọ́ sí, orí ìkànnì wọn náà ni àkọsílẹ̀ ọ̀hún sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò Faculty for the Future, tí àjọ Schlumberger Foundation bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, wà fún oyè ọ̀mọ̀wé àti ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ka èrò obìnrin náà láti padà lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí gidigidi. Ti British Council fún àwọn obìnrin nínú sáyẹ́ǹsì, oyè másítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà fún. Owó MMEG (Margaret McNamara Education Grants) ní tirẹ̀ wà fún obìnrin tí ó ti pé ọmọ ọdún 25, tí ó sì ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ àlàyé kan náà sí gbogbo wọn kò kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ní ti lẹ́tà ìjẹ́rìí, ẹ fún àwọn tí yóò kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì fi àbá ìwádìí yín ránṣẹ́ sí wọn. Olùkọ́ tí ó ti rí ọwọ́ yín nínú yàrá àyẹ̀wò dára ju ọ̀gá ńlá tí ó mọ orúkọ yín nìkan lọ.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọmọ pamọ́. Ọmọ mi kò ju ọdún méjì lọ nígbà tí mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rù sì bà mí láti béèrè bóyá ètò kan wà fún ìyá ọlọ́mọ, kí wọ́n má baà rò pé n kò ní lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo béèrè, ìdáhùn wà nílẹ̀, nítorí pé àwọn àjọ kan ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ. Ó tún ní ọ̀nà kan tí OWSD fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, tí obìnrin yóò forúkọ sílẹ̀ fún oyè náà ní yunifásítì orílẹ̀-èdè tirẹ̀, tí yóò sì máa lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà á lálejò fún oṣù díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí rọrùn fún ẹni tí kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ obìnrin kò gbọ́ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó jáwọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mú mi nígbà àkọ́kọ́ náà ni mo tún padà sí. Ìbéèrè èédú egungun ni ó wà ní ìlà àkọ́kọ́ ìwé mi, ìlànà iṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e, lẹ́tà olùdarí mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn ìyà tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tí ó wọlé. Ọ̀rọ̀ eyín àwọn àbúrò mi ni mo fi rọ́pò rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo sì ni.