Fèrèsé Méjì, Òṣìṣẹ́ Kan

Àbúrò mi fẹ́ gboyè ní Yúróòpù, èmi náà sì ní n kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Ṣùgbọ́n Àbújá ni mo kọ́kọ́ ní láti lọ wá físà, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Olú-ìlú ti kúrò l'Ékòó láti 1991. Àwọn orílẹ̀-èdè tó rọ́wọ́ họrí ṣì ní ọ́fíìsì físà ní Victoria Island l'Ékòó, ti ibi tí àbúrò mi wà yìí ti kó lọ pátápátá.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi wá déètì, ìyẹn ọjọ́ tí n ó lọ gbé ìwé físà mi sílẹ̀. Òfin Schengen, ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, fúnra rẹ̀ ní kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Òru ni mo ń dìde wo íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n ní òru ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo wọkọ̀ n'Íbàdàn, ó di Àkúrẹ́, ó di Ọ̀wọ̀, ó di Lọ́kọ́jà níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ìyẹn nìkan ni mo gbádùn lójú ọ̀nà. Kòtò ni ìyókù.

Aago méje àárọ̀ ni mo dé ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà ní Maitama, l'Ábújá. Déètì aago mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́sàn-án kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa, a sì lé ní ọgbọ̀n lábẹ́ igi dóńgóyárò, torí kò sí àyè ìjókòó nínú ilé. Mo ní kí Mọ́mì kan láti Ìlọrin jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí mo rí. Wọ́n ń lọ wẹ ọmọ-ọmọ wọn.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "inú oyún ló wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá déètì. Ó ti ń rá báyìí."

Ìgbà tí mo wọlé ni ìbínú mi rọ̀. Ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀: wọ́n là pálọ̀ sí méjì, wọ́n gé fèrèsé méjì sí i. Ọ̀kan wà ní títì. Ọmọbìnrin Yorùbá kan ló wà ní èkejì: òun ló ń gbowó, òun ló ń yẹ ìwé wò, òun náà ló ń dìde lọ tẹ̀ka fún èèyàn nínú ilé ìdáná àtijọ́, tí fáìlì kún síǹkì ibẹ̀ dé ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú," ó ní. "Àwa mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì ti já pa."

Ẹ̀rín pa mí. Ẹni tó ń fọwọ́ sí físà gan-an, ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n rán wá láti ìlú wọn, wà ní ìsinmi. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbé ìwé gbígbà àti ìka títẹ̀ fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Àyè gbà wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, ìlà tó kúrò lójú pópó kàn lọ tò sínú fáìlì ni.

Yúrò 90 ni wọ́n ń gbà láti oṣù kẹfà 2024, wọn kì í dá a padà bí wọ́n bá ní rárá. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgbọ̀n, torí àwa abẹ́ igi. Ṣé owó àárọ̀ ọjọ́ kan yẹn ò tó san oṣù ẹni tí yóò jókòó sí fèrèsé kejì?

Ọjọ́ 15 ni òfin ní kí wọ́n fi dáhùn, ó lè di 45. Ọjọ́ 38 ni tèmi jáde. Àbúrò mi ti gboyè ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Mọ́mì Ìlọrin pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fọ́tò wọn ò bá ìwọ̀n mu, déètì tuntun ni wọ́n tún ń wá. Ọmọ náà ti ń rìn.