Ẹ fi àmì sí èyí tí owó wà nínú rẹ̀

Àríyànjiyàn kan kì í tán láàárín àwa tí a ń fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù: ṣé dandan ni kéèyàn kọ ọ́ bí ìwé ṣe wí, àbí kó ṣáà ti yé ẹni tó ń kà á? Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, orí WhatsApp sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń bá mi dúnàá-dúrà. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ibi tí ẹlòmíràn bá máa ti tìtorí ọ̀rọ̀ wa náwó, tàbí tó máa tìtorí rẹ̀ gbéra nílé, ibẹ̀ ni ká ti ṣọ́ra. Èyí tó kù, kálukú kọ ọ́ bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Oníbàárà kan wà ní ìlú Oǹdó tí mo di aṣọ ẹbí fún. Mo fi ẹrù náà rán awakọ̀ ní gáréèjì láàárọ̀. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà kọ̀wé sí mi: "A o gba aso naa ma." Ẹ̀yin náà, ẹ kà á. Ṣé "a ó gba aṣọ náà" ni, tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń lọ gbà á, àbí "a ò gba aṣọ náà", pé ẹrù kò dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti fariwo ta pé awakọ̀ ti gbé ẹrù sá lọ. Mo pe obìnrin náà. Ó ní, "Ṣé ẹ ò rí ohun tí mo kọ ni? Mo ní a máa lọ gbà á." Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó rújú níbẹ̀, torí ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mò ń kà á ni n kò gbọ́ ohùn kankan.

Láti ìgbà náà, àmì tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fò ni ti "ó" àti "ò" yìí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá gbà á lè gba ọ̀nà mìíràn: "a máa gbà á", "a kò tíì rí i gbà". "Won o san owo" lè jẹ́ ìlérí, ó sì lè jẹ́ ẹjọ́. "Wọ́n máa san" kò ní ìtumọ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iye owó. Nínú ọjà, a máa ń pe ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹ̀ẹ́dógún lásán, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 3,000. Ẹni tó ń kánjú tẹ̀wé lè jẹ lẹ́tà mélòó kan níbẹ̀. Ẹ kọ 15,000, kí gbogbo wa lè sùn.

Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń jẹ́ káwọn èèyàn fo àmì. Nígbà tó jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ olówó la ń fi ránṣẹ́ síra wa, ẹyọ kan ń gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà lásán. Ẹ fi ẹyọ "ẹ" kan ṣoṣo sí i, tó ní àmì lábẹ́, ó di 70. Ẹni tó bá kọ Yorùbá rẹ̀ dáadáa á san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kan náà! Àpò wa ló kọ́kọ́ kọ́ wa láti fo àmì. WhatsApp kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ yí padà, kó fi Yorùbá kún àwọn èdè inú Gboard rẹ̀, ìyẹn àtẹ ìtẹ̀wé Google tó wà lórí fóònù, á rí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀. Kó sì pa èyí tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tún ọ̀rọ̀ ṣe, torí òun ló ń ba ìkíni wa jẹ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń tún ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kọ lójú gbogbo ayé. Bàbá kan wà nínú ẹbí ọkọ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń kọ ìtàn àwọn baba ńlá wa fún wa. Bàbá a máa kọ "enia", "aiye", "nwọn" àti "yio". Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó ní àṣìṣe ni. Bàbá kò fèsì, kò sì kọ ìtàn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi kọ́ bàbá ní iléèwé ló kọ sílẹ̀. Àwọn ìjọ CMS, ìyẹn àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, jókòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá ní Èkó lọ́dún 1875, ìyẹn ló sì wà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó ní 1966, ọdún 1974 sì ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà tuntun tí ọmọ yẹn kọ́. Bàbá ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé kí ìyẹn tó dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀ka èdè. Ará Àkúrẹ́ tó bá kọ "ulé" àti "uṣu" kò ṣi nǹkan kan kọ. Yorùbá inú ìwé ni kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹnu tiwa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé ìdánwò, ẹ fàlà sí i. Tó bá jẹ́ ìyá yín ló ń béèrè ìgbà tí ẹ máa wá sílé, ẹ dá a lóhùn.

Tẹ́ ẹ bá wá rí àṣìṣe tó lè gbówó lọ, bíi nọ́ńbà àkáǹtì tàbí orúkọ olóògbé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sára aṣọ, ẹ kọ̀wé sí ẹni náà ní kọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí?" Orúkọ kò ní ìlànà kankan ju bí onílé ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ẹni tó ní Shola lòun ń jẹ́, Shola náà ni kẹ́ ẹ kọ.

Gírámà kan ṣoṣo ló kù tí mi ò lè fojú fò, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àmì. Mo lè gba "e kaaro ma" láìsí àmì kankan, kí inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tí mo lè bí rí àwòrán aṣọ tí mo gbé síta, ó kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, láìjẹ lẹ́tà kan: "Èló lò ń tà á?" Mo tà á fún un. Mi ò dín kọ́bọ̀ níbẹ̀.